Oúnjẹ Thailand láti Festac: Báwo lẹ ṣe lè mọ ojúlówó, èló ló máa ná yín, kí ló sì yẹ kí ẹ béèrè?

Ẹni tó ń gbé Festac tàbí Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe ibi tó ti lè jẹ ẹja yíyan fún un. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òórùn ẹja náà gan-an á mú un débẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá kan oúnjẹ Thailand, fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fà yọ. Wọ́n á tẹ “Thai restaurant near me” sí Google, fóònù á sì to orúkọ sílẹ̀ fún wọn bí ẹni pàtẹ ọjà. Nínú orúkọ wọ̀nyẹn, òmíràn jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, òmíràn wà ní Victoria Island lọ́hùn-ún, òmíràn sì lè ti kógbá wọlé tipẹ́.

Owó tí èèyàn máa ná síbẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré lásìkò tí nǹkan wọ́n yìí. Ẹni tó fẹ́ mú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ jáde, tàbí tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí fún ọmọ, kò ní fẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá tán ni òun máa tó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá kọ́ nìyí. Àwọn kan sì wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà tàbí edé. Ní ti àwọn yẹn, àṣìṣe kan péré lè gbé wọn dé ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìlú tí wọ́n kọ́ fún àlejò

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ará Festac ń wá oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè. Tìtorí àlejò ni wọ́n ṣe kọ́ ìlú náà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, Nàìjíríà gbàlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn èèyàn dúdú àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FESTAC '77. Ilé tí wọ́n kọ́ de àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta ni ìjọba padà pín fún ará ìlú. Ibẹ̀ ló di Festac Town lónìí.

Ìlú náà sì mọ oúnjẹ í tà. Festac yìí ni ilé oúnjẹ Tantalizers ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997, gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀bù kékeré ládùúgbò, kó tó di orúkọ tí gbogbo Èkó mọ̀. Títí dòní, ẹni tó bá rìn láti First Avenue dé Seventh Avenue á rí àmàlà, á rí nkwobi, á rí afang, á rí súyà, kó tó wá kan àwọn tó ń yan ẹja.

Ẹja yíyan yìí gan-an ló kọ́ ará Festac bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí wọ́n á ti jẹun. Ẹni tó bá mọ “point and kill” í jẹ kì í ṣe ohun mẹ́ta wọ̀nyí ní èṣeèṣì. Á kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹja náà láàyè nínú omi. Á dúnàádúrà kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn ẹja. Á sì jókòó sí ibi tí ojú rẹ̀ ti tó iná, kó lè mọ ohun tí wọ́n ń fi sí i.

Rí i, gbọ́ iye rẹ̀, mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mú ìlànà mẹ́ta yìí dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ Thailand, ó ṣòro kí wọ́n tó rẹ́ ẹ jẹ.

Kí ni oúnjẹ Thailand gan-an?

Thailand wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Asia. Bangkok ni olú ìlú rẹ̀. Siam ni wọ́n ń pe orílẹ̀-èdè náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́dún 1939.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ oúnjẹ ibẹ̀ láìmọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Thailand wà lára ibi tí ìrẹsì òkèèrè tí à ń sè lọ́jọ́ ọdún ti ń wá. Òmíràn gba èbúté Kútọnu, ó gba Sẹ̀mẹ̀, ó sì gba títì Badagry kọjá níwájú Festac gan-an. Lọ́dún 2016, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kó ìrẹsì gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ àti àwọn mìíràn padà.

Nítorí náà, ìrẹsì Thailand kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ nílé ni a kò tíì mọ̀ dáadáa. Kódà, irú ìrẹsì tí wọ́n ń kó wá fún wa, tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó pa á, kọ́ làwọn fúnra wọn fẹ́ràn jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní jasmine, tó funfun tó sì ń ta sánsán, ló pọ̀ lórí tábìlì wọn. Òmíràn tún wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bù jẹ bí ẹni bu òkèlè.

Ohun tó mú oúnjẹ wọn yàtọ̀ ni pé ata, kíkan, iyọ̀ àti adùn ṣúgà máa ń pàdé lórí ahọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá borí àwọn yòókù, àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ á ní alásè kò tọ́ ọ wò dáadáa.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú èròjà wọn ni a ní orúkọ fún:

Koríko ọba, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé tíì, tí à ń sè mu bí ibà bá ń ṣe èèyàn, ni wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀.

Efinrin tiwọn àti efinrin wa jẹ́ ìbátan, òórùn ló fi díẹ̀ yàtọ̀.

Wàrà àgbọn ni wọ́n fi ń se ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ wọn, bí àwa náà ṣe ń fi se ìrẹsì alágbọn.

Àjàgbọn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń mú kí oúnjẹ wọn kan.

Atalẹ̀ ní ìbátan kan tí wọ́n ń pè ní galangal. Òun ni wọ́n ń lò jù nínú ọbẹ̀ olómi.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni nam pla. Ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń kó sínú iyọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí tí omi rẹ̀ á fi sun jáde. Omi yẹn ni wọ́n ń dà sínú oúnjẹ. Ẹ fi wé irú: òórùn rẹ̀ le bó bá dá wà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí kò bá sí nínú rẹ̀ á dà bí ẹni pé nǹkan kan sọnù.

Ata ńkọ́? Ata tí à ń jẹ àti ata tí wọ́n ń jẹ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá. Àwọn oníṣòwò ará Potogí wà lára àwọn tó gbé e káàkiri Áfíríkà àti Asia ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ẹnu Yorùbá kì í fi í sá fún oúnjẹ Thailand bí ẹnu àwọn mìíràn ṣe ń sá fún un.

Oúnjẹ márùn-ún tí ẹ máa rí lórí méńù

Tom yum: Ọbẹ̀ olómi ni, ó ta, ó sì kan. Koríko ọba, galangal, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló gbé e ró. Wọ́n lè fi edé ńlá tàbí adìyẹ sè é. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọbẹ̀ ata olómi, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Green curry: Ata tútù aláwọ̀ ewé ni wọ́n gún, tí wọ́n wá fi wàrà àgbọn sè. Ìrẹsì funfun ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ má rò ó mọ́ kọ́rì inú agolo tí à ń bù sí ọbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ibí yìí.

Pad Thai: Ó jọ ohun tí gbogbo wa ń pè ní Indomie, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n fi ṣe é, ó sì fẹjú díẹ̀. Wọ́n á fi ẹyin, àjàgbọn àti nam pla dín in, wọ́n á sì da ẹ̀pà gígún lé e lórí. Láti nǹkan bí ọdún 1938 lọ ni ìjọba Plaek Phibunsongkhram ti ń polongo rẹ̀ pé kó di oúnjẹ gbogbo ìlú.

Som tam: Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́. Inú odó ni wọ́n ti ń fi ọmọ odó gún un jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ata, ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀pà àti nam pla.

Pad kra pao: Ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n dín pẹ̀lú ata àti efinrin tiwọn. Wọ́n máa ń gbé ẹyin díndín lé e lórí.

Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti Ṣáínà?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú l'Ékòó. Oúnjẹ Ṣáínà ti pẹ́ láàárín wa, ó sì ní ọlá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ kan lè kọ “Chinese and Thai” sára pátákó, kó jẹ́ pé oúnjẹ Thailand méjì péré ló wà nínú ọgọ́ta tó wà lórí méńù.

Ẹ kọ́kọ́ wo méńù náà. Bó bá jẹ́ fried rice, spring roll àti sweet and sour chicken nìkan ló pọ̀ níbẹ̀, ilé oúnjẹ Ṣáínà nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ síta. Bí ẹ bá rí tom yum, som tam, green curry, red curry àti pad kra pao, ó jọ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ló wà nídìí ààrò.

Ẹ tún wo èròjà. Omi sóyà dúdú ló gbé púpọ̀ nínú oúnjẹ Ṣáínà ró. Nam pla, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ewé tútù ló gbé ti Thailand ró. Bí wọ́n bá gbé tom yum wá tí kò kan, tí òórùn koríko ọba kò sì jáde nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ata lásán ni.

Som tam ni ìdánwò tó le jù. Kò sí bí wọ́n ṣe lè sè é sílẹ̀ láti àná. Ìbẹ́pẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ró kàù lẹ́nu. Ilé oúnjẹ tó bá ní i, tó sì ń gún un lójú ẹsẹ̀ fún oníbàárà, kì í ṣeré.

Kí ló dé tó fi wà káàkiri ayé?

Kì í ṣe pé oúnjẹ Thailand ṣèèṣì tàn ká. Ní ọdún 2002, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Global Thai. Èrò wọn ni pé bí ilé oúnjẹ wọn bá pọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ọjà wọn á tà, àlejò á sì máa wá sílùú wọn. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ káràkátà níbẹ̀ tún ń fún àwọn ilé oúnjẹ tó bá yege ní àmì tí wọ́n ń pè ní Thai Select. Bí ẹ bá rí àmì yìí lára ògiri tàbí lórí méńù, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti yẹ ibẹ̀ wò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ibi tó dára ni kò ní i, nítorí náà, ẹ má fi àìrí rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO fi Tomyum Kung, ìyẹn tom yum elédé, sára àwọn àṣà ìbílẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ kí wọ́n sì tọ́jú. Ìwé kan náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ifá tiwa ti wà tipẹ́.

Níbo ni ẹ máa lọ l'Ékòó?

Òdìkejì omi, ìyẹn Victoria Island, Ìkòyí àti Lekki, ni àwọn ilé oúnjẹ tí Èkó mọ̀ mọ́ irú oúnjẹ yìí pọ̀ sí. Orúkọ bíi Bangkok àti Pattaya ní Victoria Island ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ilé oúnjẹ a máa kó kúrò, a máa yí alásè padà, a sì máa ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ má gbára lé orúkọ nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ lo fóònù, ẹ lò ó báyìí:

Ẹ má tẹ “Thai” nìkan. Ẹ tẹ orúkọ oúnjẹ gan-an, bíi “som tam Lagos” tàbí “tom yum Victoria Island”. Ibi tí àwọn oníbàárà ti ń dárúkọ oúnjẹ yẹn ló máa jáde.

Ẹ má jẹ́ kí ìràwọ̀ nìkan tàn yín. Ibi tí èèyàn mẹ́fà fún ní ìràwọ̀ márùn-ún kò tó ibi tí èèyàn ẹgbẹ̀ta fún ní mẹ́rin lé díẹ̀. Ọ̀rẹ́ àti ẹbí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lè tó mẹ́fà.

Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyìn ọdún mẹ́rin sẹ́yìn kò sọ nǹkan kan nípa alásè òní. Bí kò bá sí ẹni tó kọ ohunkóhun láti bí ọdún kan, ẹ fura.

Ẹ wo fọ́tò tí oníbàárà yà, kì í ṣe èyí tí ilé oúnjẹ gbé síbẹ̀. Ti oníbàárà lẹ ti máa rí bí àwo ṣe kún tó.

Ẹ ka ohun tí àwọn tó bínú kọ. Bó bá jẹ́ pé ata ni wọ́n ń ráhùn pé ó pọ̀ jù, ó lè jẹ́ ìyìn fún ẹ̀yin. Bó bá jẹ́ inú rírun tàbí owó tí wọ́n fi kún owó ni wọ́n ń sọ, ẹ wá ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ pè wọ́n. Ẹ béèrè pé: “Ṣé som tam wà lónìí? Ṣé nam pla lẹ fi ń ṣe é àbí omi sóyà?” Ẹni tó bá mọ ohun tó ń tà á dáhùn kíá. Ẹni tó bá ní “ẹ ṣáà máa bọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà,” ẹ dúró ná.

Ọ̀nà láti Festac dé ọ̀hún

Ìrìn àjò yìí náà wà lára owó oúnjẹ. Gbogbo ará Festac ló mọ bí Mile 2 ṣe máa ń rí nígbà tí tírélà bá dí ọ̀nà.

Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Kìlómítà 13 ni ọ̀nà náà, ibùdókọ̀ márùn-ún ló sì wà lórí rẹ̀: Mile 2, Suru-Alaba, Orílé-Ìgànmú, National Theatre àti Marina. Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ tàbí bọ́ọ̀sì dé Mile 2 lè wọ rélùwéè dé Marina, kó wá gba ọkọ̀ mìíràn lọ sí Victoria Island. Káàdì Cowry lẹ máa fi sanwó, ẹ rí i pé owó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ohun kan rèé tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: rélùwéè kì í ṣiṣẹ́ mọ́júmọ́. Ẹ béèrè ìgbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn máa kúrò ní Marina kí ẹ tó jókòó jẹun. Lílọ lọ́sàn-án ló dáa jù fún ẹni tó ń padà sí Festac. Ilé oúnjẹ kì í sì í kún nígbà náà, alásè á ráyè gbọ́ tiyín.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbé e wá sílé ńkọ́? Láti Victoria Island dé Festac jìnnà. Green curry lè rìn, wọ́n á kàn gbé e kaná díẹ̀. Pad Thai á ti lẹ̀ pọ̀ kó tó dé. Som tam kò ṣeé gbé rìn rárá, omi á ti sun sí i.

Èló ló máa ná yín gan-an?

Iye tó wà lórí méńù kì í sábà jẹ́ iye tí ẹ máa san. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó jáde lọ́dún 2009 tún ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí oúnjẹ tí èèyàn bá jẹ ní ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan tún máa ń fi owó iṣẹ́ kún un fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá, ó sì lè tó ìdá 10.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní oúnjẹ èèyàn méjì jẹ́ ₦30,000 lórí méńù. VAT á jẹ́ ₦2,250. Owó ìpínlẹ̀ á jẹ́ ₦1,500. Bí owó iṣẹ́ bá jẹ́ ìdá 10, ₦3,000 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦36,750. Ẹ kò tíì mu omi, ẹ kò sì tíì wọkọ̀ padà sílé. Ẹni tó kó ₦30,000 géérégé sápò á ti wọ gbèsè.

Kì í ṣe gbogbo ilé oúnjẹ ló ń gba gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn ti ṣírò rẹ̀ mọ́ iye orí méńù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ béèrè kí wọ́n tó gbé iná sí i: “Ṣé VAT àti owó iṣẹ́ ti wà nínú iye yìí?” Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń dúnàádúrà ẹja kí wọ́n tó pa á náà ni.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ààbò oníbàárà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lọ́dún 2019 ní kí ẹni tó ń tajà fi iye ọjà rẹ̀ hàn, kó má sì gba iye tó ju èyí tó fi hàn lọ. Àjọ FCCPC ni ẹ lè fi ẹjọ́ sùn bí ẹnikẹ́ni bá tẹ òfin náà lójú. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ya fọ́tò méńù náà pamọ́.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà, ẹ dákun ẹ ka ibí

Owó tó sọnù ṣì lè padà, ọ̀rọ̀ ìlera kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà, edé àti ẹja wà káàkiri inú oúnjẹ Thailand, àní níbi tí ojú kò ti lè rí wọn. Ẹ̀pà gígún lè wà nínú ọbẹ̀. Edé gbígbẹ lè wà nínú ata tí wọ́n gún. Nam pla sì ń wọ inú oúnjẹ tí wọ́n pè ní ẹ̀fọ́ lásán, nítorí náà, ẹni tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja gbọ́dọ̀ béèrè.

Bí ara yín kò bá gba ọ̀kan nínú wọn, ẹ má sọ pé “mi ò fẹ́ràn ẹ̀pà”. Alásè á rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, á kàn ṣa èyí tó wà lókè kúrò. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé “tí mo bá jẹ ẹ̀pà, ilé ìwòsàn ni mo máa bá ara mi”, kí ẹ sì ní kí wọ́n sọ fún alásè fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwo àti ìkòkò náà kò kan ẹ̀pà, ẹ dìde.

Bí ètè tàbí ojú ẹnikẹ́ni bá ń wú lẹ́yìn oúnjẹ, tí ara ń yún un, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má fún un ní àgbo tàbí òróró pupa. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí ìpínlẹ̀ Èkó ń lò. Kò la owó lọ.

Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru náà ní láti ṣọ́ra, torí iyọ̀ pọ̀ nínú nam pla. Àwọn Mùsùlùmí ní láti béèrè nípa ẹran ẹlẹ́dẹ̀, nítorí wọ́n máa ń lò ó dáadáa nílẹ̀ Thailand, wọ́n sì lè fi ìkòkò kan náà se adìyẹ. Ẹni tí kò lè jẹ ata kó sọ ọ́ ṣíwájú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó ta bó ṣe ń ta lọ́hùn-ún náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí wọ́n lè dín ata rẹ̀ kù fún àlejò.

Bí owó kò bá tó, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀ nílé

Kò dìgbà tí èèyàn bá dé Victoria Island kó tó tọ́ irú adùn yìí wò. Ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní tom kha, wàrà àgbọn àti adìyẹ ni wọ́n fi ń sè é. Èyí tó sún mọ́ ọn ṣeé sè pẹ̀lú ohun tó wà lọ́jà Festac.

Fún èèyàn mẹ́rin, ẹ rin àgbọn ńlá kan, kí ẹ fi ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mẹ́ta fún wàrà rẹ̀. Badagry tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àgbọn kò jìnnà sí Festac. Ẹ gé ìdajì adìyẹ wẹ́wẹ́. Ẹ fọ ìdì koríko ọba kékeré kan, kí ẹ so ó ní kókó, kó lè rọrùn láti yọ jáde. Ẹ gé atalẹ̀ tó gùn tó ìka ọwọ́ kan pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí ẹ sì fọ́ ata wẹ́wẹ́ bí ẹnu yín bá ṣe gbà á tó.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú wàrà àgbọn, kí ẹ sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí adìyẹ á fi jinná dénú egungun. Ẹ má jẹ́ kó hó gùdùgùdù, kí wàrà má bàa já. Iyọ̀ àti edé gbígbẹ gígún díẹ̀ lè dípò nam pla, bí ara ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ bá gba edé. Nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i. Ẹ yọ koríko ọba kúrò, kí ẹ fi ìrẹsì funfun jẹ ẹ́.

Èyí tún ní àǹfààní mìíràn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè é lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n rẹ̀ á ti mọ bí koríko ọba, ọsàn wẹ́wẹ́ àti wàrà àgbọn ṣe ń pàdé. Lọ́jọ́ tó bá wá lọ san owó gidi nílé oúnjẹ, kò sẹ́ni tó máa gbé ọbẹ̀ lásán fún un pé Thailand ló ti wá.

Ní kúkúrú

Kí ẹ tó kúrò ní Festac, ẹ wá orúkọ oúnjẹ náà gan-an lórí fóònù, kí ẹ wo ọjọ́ àti fọ́tò, kí ẹ sì pe ilé oúnjẹ náà. Kí ẹ tó ní kí wọ́n sè é, ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ pẹ̀lú VAT. Kí ẹ tó fi ṣíbí kàn án, ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá ẹ̀pà, edé àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ wọ rélùwéè padà sí Mile 2, ẹ má jẹ́ kí adùn oúnjẹ mú yín gbàgbé aago.